Bá a ṣe ń kó ìdílé lọ wa jíípù lórí iyanrìn Stockton Beach, mọ́tò márùn-ún lẹ́yìn ara wọn

Ìyàwó mi ló fà á. Sydney la wà, ọmọ mẹ́ta, gbogbo Sátidé ni wọ́n fi ń wo fóònù, ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé jíípù tá a fowó ńlá rà yìí, ṣé ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ó máa gbé e lọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀ torí òótọ́ ni. Láti ìgbà yẹn a ti lọ sí Stockton Beach ju ìgbà mẹ́wàá lọ, mọ́tò méjì la fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di márùn-ún báyìí, ìdílé Yorùbá mẹ́ta, ìdílé ọmọ Ghana kan, àti aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ ibí, àgbàlagbà ni, gbogbo wa ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, òun náà sì ti mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyí, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fọ mọ́tò tán.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn rèé, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nínú kọ́ńfọ́ì, ìyẹn àwọn mọ́tò tó jọ ń tẹ̀ lé ara wọn, mọ́tò tó wà lẹ́yìn yín niṣẹ́ yín. Èyí tó wà níwájú, ẹlòmíì ń ṣọ́ ọ.

Ibi tá à ń lọ

Stockton Beach wà lápá àríwá Newcastle, ní ìpínlẹ̀ New South Wales, láti Sydney ó tó wákàtí méjì ààbọ̀ tí ọ̀nà ò bá dí. Iyanrìn yẹn gùn tó kìlómítà 32, láti Stockton títí dé Anna Bay, òkè iyanrìn míì níbẹ̀ sì ga ju mítà 30 lọ, tẹ́ ẹ bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ ẹ máa gbórí sókè bí ẹni ń wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Worimi Conservation Lands ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà. Àwọn Worimi, tí wọ́n ni ibẹ̀ látayébáyé, ni ilẹ̀ padà sí lọ́wọ́ lọ́dún 2007, àwọn àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ ń bójú tó o báyìí. Ẹ sọ èyí fáwọn ọmọ yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Òkìtì ìkarawun wà káàkiri àárín àwọn òkè iyanrìn yẹn, ibi táwọn baba ńlá wọn ti jókòó jẹun láìmọye ọdún sẹ́yìn, táyà kan ṣoṣo tó bá gun orí ẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn, kò ṣe é tún ṣe mọ́. Èmi náà ò ní gbà kí àlejò wa mọ́tò gba orí oórì bàbá mi kọjá. Torí náà ibi tí wọ́n bá ti ri òpó àti àmì mọ́lẹ̀, ẹ dúró síbi tó ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ má sì gun koríko, koríko yẹn ló so iyanrìn ró.

Ẹ máa nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ etíkun kẹ́ ẹ tó wọlé, mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló máa ra tiẹ̀, ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rà á nílé. Ẹ má ṣe bíi tiwa níjọ́ kan tá à ń wá nẹ́tíwọ́kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mọ́tò mẹ́rin tò sílẹ̀, àwọn ọmọ ń ké.

Mọ́tò yín ńkọ́

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò tó ga ló lè gun òkè iyanrìn o. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ni fọ́ọ̀wíìlì, mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ní low range, ìyẹn gíà kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rí agbára fà nígbà tí mọ́tò ò sáré, kí inú ẹ̀ sì jìnnà sílẹ̀. Prado, LandCruiser, Hilux, Patrol, Pajero, gbogbo ìwọ̀nyẹn á ṣe é. Mọ́tò ìdílé tí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí ṣùgbọ́n tí inú ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀, ó lè gba etí omi níbi tí iyanrìn ti le, òkè ni mi ò ní jẹ́ kó bá wa gùn.

Ẹ wo abẹ́ mọ́tò yín, iwájú àti ẹ̀yìn. Ṣé ibi ìfàmọ́tò gidi wà níbẹ̀, irin tó nípọn tí wọ́n fi bóòtì ńlá dè mọ́ egungun mọ́tò, tí wọ́n kọ ìwọ̀n tó lè fà sára ẹ̀? Ìhò pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ mọ́tò míì, ibi tí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ni, kò lágbára láti yọ mọ́tò tó rì. Ẹ mọ̀ ọ́n nílé, kó máà jẹ́ orí iyanrìn lẹ ti máa mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ mọ́tò rẹ́ǹtì ni, ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn dópin, ọ̀pọ̀ wọn ni ò fọwọ́ sí iyanrìn rárá. Ẹ pe àwọn insurance tiyín náà kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Òkun ló ń pinnu àsìkò, kì í ṣe àwa

Kí n tó fi ọjọ́ sí orí WhatsApp, mo ti wo ìgbà tí òkun máa fà. Àárín wákàtí méjì ṣáájú kí òkun fà tán sí wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìgbà yẹn ni etí omi máa ń fẹ̀, iyanrìn tútù á le bíi sìmẹ́ńtì, ẹ máa lọ láìsí wàhálà. Tí òkun bá kún, ó máa tì yín sórí iyanrìn gbígbẹ, ìyẹn sì rọ̀ bí èlùbọ́. Àsìkò yẹn ń sún síwájú bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, torí náà èyí tẹ́ ẹ wò fún Sátidé tó kọjá ò wúlò fún Sátidé tó ń bọ̀. Tí òkun bá máa fà tán ní aago mọ́kànlá àárọ̀, aago mẹ́fà la ti ń kúrò nílé, ká lè dé, ká já afẹ́fẹ́ táyà, ká ti wọlé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àwọn èèyàn wa ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́fà tí mo wí yìí, mẹ́fà gangan ni o, òkun ò mọ àfríkà táìmù.

Ohun tá à ń dì

Ẹ má kó ilé wá. Mọ́tò tó wúwo rì sílẹ̀ tán. Ohun tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ má ní ni géèjì táyà tó péye, pọ́ńpù tó ń lo bátìrì mọ́tò, ṣọ́bìrì tó lọ́wọ́ gígùn, pákó ìyọ-mọ́tò méjì, ìyẹn pátákó rọ́bà eléyín tí wọ́n ń tì sábẹ́ táyà, àti àsíá pupa tàbí ọsàn lórí ọ̀pá gígùn tẹ́ ẹ máa so mọ́ iwájú mọ́tò. Àsíá yẹn kì í ṣe ṣíṣe lóge o. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè iyanrìn bọ̀ láti apá ibí, tí ẹlòmíì náà ń gùn ún bọ̀ láti òdìkejì, ẹ ò lè rí ara yín, orí àsíá ló máa kọ́kọ́ yọ.

Snatch strap kan, ìyẹn okùn ìfàmọ́tò tó nà bíi rọ́bà, àti shackle méjì, irin tí wọ́n fi ń so okùn yẹn mọ́ mọ́tò, tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí, ó kéré tán kí mọ́tò méjì nínú kọ́ńfọ́ì ní in. Mọ́tò kan gbé àpótí egbòogi ìtọ́jú pàjáwìrì. Omi mímu, lítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé náà wà lára ẹ̀, òùngbẹ ilẹ̀ yìí yàtọ̀, afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ ẹ lára, ẹ ò ní mọ̀ pé ara yín ti gbẹ títí orí á fi máa fọ́ yín. Fìlà fún gbogbo èèyàn, kírìmù oòrùn náà. Mo mọ̀ pé àwa aláwọ̀ dúdú máa ń sọ pé kírìmù yẹn kì í ṣe tiwa, imú ọmọ mi kejì bó ní December, láti ìgbà yẹn mo ń fi pa wọ́n lójú tipátipá.

Gbogbo ohun tó wà nínú búùtù, ẹ so ó mọ́lẹ̀. Kúlà tó kún fún yìnyín àti máàtì, tí mọ́tò bá sọ̀ kalẹ̀ lójijì, orí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ló máa bá. Ọmọ kékeré wà nínú ìjókòó ọmọ ẹ̀, bẹ́líìtì wà lára gbogbo yín, ẹ má sọ pé "orí iyanrìn la wà, ẹ jẹ́ kó yọrí síta lójú wíńdò."

Oúnjẹ, ẹ se èyí tó ṣe é jẹ láìgbóná. Mọ́ínmọ́ín eléwé ló dáa jù, iyanrìn ò ráyè wọ inú ẹ̀. Púfúpúfú, ẹyin bíbọ̀, jọ́lọ́ọ̀fù nínú fúláàsì ńlá. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ghana a máa gbé tiwọn wá, àríyànjiyàn jọ́lọ́ọ̀fù a sì bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Rédíò

Fóònù ò ṣe é gbára lé láàárín òkè iyanrìn. UHF rédíò, èyí tí mọ́tò sí mọ́tò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni gbogbo ayé ń lò níbí, ti ọwọ́ tàbí ti inú mọ́tò. Ikanni 40 làwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ń lò lójú títì, 10 ni àwọn fọ́ọ̀wíìlì sábà máa ń lò, 5 àti 35 wà fún pàjáwìrì nìkan, ẹ má fi ọmọ seré lórí ẹ̀ láé. Ẹ yan ikanni kan nílé, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbéra, kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí nǹkan bá burú gan-an tí fóònù sì ṣiṣẹ́, 000 ni nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ gé e kúrú. "Kòtò lápá òsì." "Mọ́tò kan ń bọ̀ wá pàdé wa." "Ẹkẹta ti kọjá." Ẹ mọ̀ pé tiwa, kíkí nìkan lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu, ilé ńkọ́, ẹ fi ìyẹn sígbà tá a bá dúró jẹun.

Bí mọ́tò ṣe ń tò

Ẹni tó mọ̀nà jù ló máa ṣíwájú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù tẹ̀ lé e ló máa kẹ́yìn, òun náà ló gbé ọ̀pọ̀ irinṣẹ́, torí tí ẹnikẹ́ni bá rì, iwájú ẹ̀ ló máa ti rì. Àwọn tuntun wà láàárín. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń kẹ́yìn fún wa. Ẹ máa fi àyè sílẹ̀, bíi mọ́tò márùn-ún sí mẹ́fà láàárín yín níbi tó tẹ́jú, tó bá di òkè, ẹ dúró nísàlẹ̀ títí ẹni iwájú á fi sọ lórí rédíò pé òun ti gùn ún kọjá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹni ẹ̀yìn ti wọlé. Ẹ máa wo dígí. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà yà, ẹ ò gbọdọ̀ yà títí ẹ máa fi rí mọ́tò tó wà lẹ́yìn yín, tí òun náà sì ti rí i pé ẹ fẹ́ yà. Tí òun ò bá yọ, ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá dúró, ẹni iwájú yín náà á wo dígí tiẹ̀, kò ní rí yín, òun náà á dúró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, gbogbo kọ́ńfọ́ì ti dúró de ẹni tó sọnù. Ìgbà kan wà tí rédíò ọ̀kan nínú wa kú, táyà ẹ̀ sì jábọ́ lórí irin láàárín òkè, ìyàwó àti ìkókó wà nínú mọ́tò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí gbogbo wa ti padà bá a. Òun fúnra ẹ̀ ní òun ò tíì rí ṣọ́bìrì òun tán.

Ẹ já afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ já a.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, ẹni tó ta táyà fún mi ti sọ fún mi pé táyà tuntun yìí, n ò nílò láti já afẹ́fẹ́ ẹ̀, ó ní ó máa gbé mi. Mo gbà á gbọ́. A wọlé pẹ̀lú psi 36 (psi ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà) tá a fi rin ojú títì, kò tó mítà igba (200) sí géètì, mọ́tò jókòó. Mo tẹná, ó tún rì sí i. Mo tún tẹná. Abẹ́ mọ́tò ti kan iyanrìn, ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òkun ń bọ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ń wa Patrol àtijọ́ dúró, kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ṣí ìdérí kékeré yẹn, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, ó fi tẹ irin tó wà láàárín fáfù. Ó dún ṣììì. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ táyà, kò wo ibòmíì. Díẹ̀díẹ̀ ni ìsàlẹ̀ táyà yẹn ń wú jáde bí ikùn ẹni tó yó, tó sì ń tẹ́ sílẹ̀ sí i. Ó fi géèjì ẹ̀ wò ó, 16. Ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ọwọ́ kó iyanrìn kúrò níwájú táyà, kí n wọ mọ́tò, kí n rọra wà á jáde. Ẹnikẹ́ni ò tì í, ẹnikẹ́ni ò fà á. Ó kàn rìn jáde.

Ìdí ẹ̀ nìyí: tí afẹ́fẹ́ bá dín, ibi tí táyà fi tẹ ilẹ̀ á gùn sí i, ẹrù mọ́tò á pín, táyà á léfòó dípò kó máa gbẹ́ kòtò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti psi 18. Tí mọ́tò bá ṣì ń jìyà, ẹ lọ sí 15 tàbí 16. Tó bá rì gidi, 12, kẹ́ ẹ fi jáde nìkan, torí bí afẹ́fẹ́ bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá já kọ́nà lójijì táyà lè yọ kúrò lórí irin, bó ṣe ṣe ọ̀rẹ́ mi yẹn. Torí náà pẹ̀lú táyà rírọ̀, ẹ má sáré, ẹ má já sitíárìn.

Wíwà á

Ẹ fi sí fọ́ọ̀wíìlì kẹ́ ẹ tó kan iyanrìn, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rì. Lórí etí omi, high range, ìyẹn gíà tẹ́ ẹ fi ń rin ojú títì, ti tó. Tó bá di iyanrìn rírọ̀ àti òkè, low range, kẹ́ ẹ sì pa traction control, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà máa yí lásán, tí mọ́tò yín bá gbà, torí ó máa ń gba agbára lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò fi ń gun àgbọn, òkè iyanrìn ò mọ ìyẹn, ìrìn tó dúró ṣinṣin ló fẹ́, kò fẹ́ eré, kò fẹ́ ìlọ́ra. Ẹ gba ojú táyà ẹni tó ṣíwájú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ má tẹ bírékì, ẹ kàn yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mọ́tò á dúró fúnra ẹ̀. Bírékì máa ń kó iyanrìn jọ síwájú táyà bí ebè, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra ẹ ti ní òkè kékeré mẹ́rin láti gùn. Ẹ dúró síbi tí imú mọ́tò ti dorí kọ ìsàlẹ̀.

Tó bá jẹ́ òkè ńlá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gùn ún kẹ́ ẹ wo ohun tó wà lódìkejì. Afẹ́fẹ́ ń gbé òkè wọ̀nyẹn kúrò nípò, èyí tó rọra sọ̀ kalẹ̀ lóṣù tó kọjá lè ti di bèbè lónìí. Ẹ gùn ún tààrà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Tí agbára bá tán láàárín òkè, ẹ fi sí rìfáàsì lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ojú táyà tẹ́ ẹ fi gòkè padà sẹ́yìn tààrà. Ẹ ò gbọdọ̀ yí i láàárín òkè. Mọ́tò tó dábùú lórí òkè iyanrìn, yíyí ló máa yí dànù, ìdílé yín sì wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi iná díẹ̀ sí i, ẹ darí ẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ọkàn yín á fẹ́ tẹ bírékì, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Lójú etíkun, ẹ pa apá òsì mọ́ bíi lójú títì. Ẹ má gba inú omi iyọ̀ kọjá nítorí fídíò. Àwọn apẹja wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré, ariwo òkun ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mọ́tò yín. Ẹyẹ dúdú àti funfun kan wà tí ẹnu ẹ̀ pupa, orí iyanrìn gbalasa ló ń yé ẹyin sí, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú yín láìfò lọ, ọmọ ẹ̀ wà nítòsí, ẹ yà fún un.

Tó bá rì

Á rì lọ́jọ́ kan. Ẹ má tẹná mọ́. Ẹ sọ lórí rédíò. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ jókòó sókè, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ wo táyà, ẹ já afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ gbẹ́ iyanrìn kúrò níwájú táyà àti lábẹ́ mọ́tò. Ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn jáde lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé. Kò bá ṣe é, ẹ ti pákó ìyọ-mọ́tò sábẹ́ táyà, kó wọ inú eyín ẹ̀ dáadáa, ẹ rọra lọ. Ká sòótọ́, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tiwa ló ti tán síbí.

Fífà ló kẹ́yìn, òun ló sì ń pa èèyàn. Snatch strap ń nà, á kó agbára jọ, nǹkan tó bá já níbẹ̀ á fò bí ọta ìbọn. Ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ fi ti ẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà lẹ́yìn mọ́tò, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀ tán, Ẹ̀gbọ́n sáré wá látẹ̀yìn, ọkùnrin tí kì í pariwo, ó gba okùn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn ti já rí lórílẹ̀-èdè yìí, ó sì ti pa èèyàn tó jókòó sínú mọ́tò, ó gba dígí wọlé bá wọn. Ibi ìfàmọ́tò gidi nìkan ni kẹ́ ẹ lò, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi aṣọ tó wúwo bo àárín okùn. Gbogbo èèyàn jìnnà ju gígùn okùn náà lọ lọ́nà ìlọ́po méjì, kò sí ẹni tó ń ṣe fídíò nítòsí, awakọ̀ méjèèjì nìkan ló wà nínú mọ́tò, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ. Mọ́tò tó ń fà á rọra gbéra, ẹ má fi eré já a.

Ìsinmi

A sábà máa ń dúró nítòsí Tin City, ilé páànù mọ́kànlá tí iyanrìn fẹ́ gbé mì. Nígbà ìṣòro owó ti ọdún 1930 síwájú làwọn tí ò ríṣẹ́ kọ́ ibẹ̀ gbé. Àwọn èèyàn ṣì ni ilé wọ̀nyẹn o, ẹ wò ó láti ọ̀nà, ẹ má yọjú sí wíńdò. Mo tún máa ń sọ ìtàn Sygna fáwọn ọmọ, ọkọ̀ ojú omi ará Norway tí ìjì gbé sórí iyanrìn yìí ní May 1974, ìdí ẹ̀ tó ti dípẹtà dúró sínú omi níbẹ̀ títí ó fi wó lọ́dún 2016. Ìtàn lásán ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ sí, ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni bàálù ológun. Bárékè ológun òfuurufú Williamtown wà nítòsí gan-an, bàálù ogun á ṣàdédé gba orí yín kọjá, ariwo ẹ̀ á gba inú àyà yín. Ẹ sọ fáwọn kékeré ṣáájú kẹ́rù má bà wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ ka orí ọmọ. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ tún kà á. Tí mọ́tò bá ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ọmọ tó gbọdọ̀ wà nílẹ̀, àtẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n máa ń fẹ́ lọ gbẹ́ iyanrìn. Ìdọ̀tí yín, ẹ kó o padà, ewé mọ́ínmọ́ín náà.

Ìpadàbọ̀

Ẹ kúrò kí òkun tó padà dé. Kẹ́ ẹ tó gba ojú títì, ẹ fẹ́ táyà padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, táyà rírọ̀ lórí ọ̀dà á gbóná, á bẹ́. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń lo pọ́ńpù, táyà kan á gba ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, ìdílé márùn-ún, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ìgbà yẹn ni púfúpúfú tó ṣẹ́kù ń wúlò.

Kọ́ńfọ́ì ò tíì tú níbẹ̀. Oòrùn ti pa gbogbo awakọ̀, wákàtí méjì ààbọ̀ ló sì wà níwájú. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá délé á kọ "a ti dé" ránṣẹ́ sí ẹni tó wà níwájú ẹ̀ nígbà tá à ń lọ, ẹni yẹn ló máa pè é tí kò bá gbọ́. Tọkọtaya kan dúró sùn sílé epo ní ọjọ́ kan, fóònù wọn kú, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ti wọ bàtà padà tí mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kí wọ́n tó pè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fọ iyọ̀. Òkè mọ́tò kọ́ ni mò ń wí, abẹ́ ẹ̀, òkun ti fọ́n sí gbogbo ibẹ̀, irin á sì dípẹtà kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bomi rin koríko sábẹ́ ẹ̀, ẹ ṣí omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sún un síwájú, ẹ tún ṣí i. Ẹ fọ inú táyà àti ẹ̀yìn bírékì. Ọmọ mi kékeré ló máa ń bá mi di họ́ọ̀sì mú, ó ń wo iyanrìn tó ń ṣàn jáde lábẹ́ mọ́tò gba dúráífì lọ sí gọ́tà, ó sì ti ń béèrè ìgbà tí òkun tún máa fà.